Àfòpiná Sányán: Ẹbí Kan, Igi Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Yorùbá ka sányán mọ́ àlàárì àti ẹtù gẹ́gẹ́ bí àgbà aṣọ òkè. Ní Jakande Estate, Ilasan, ní agbègbè Lekki, bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn, aṣọ ìgbéyàwó ni. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àfòpiná ni ó ni òwú sányán gan-an, pé ẹ̀yà wọn ju ẹyọ kan lọ, àti pé igi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wà lára ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní 1878, Butler fún ẹ̀yà kan ní orúkọ Anaphe venata. Ní 1885, Walsingham sọ òmíràn ní Anaphe infracta. Ní 1887, Druce fi orúkọ Alfred Moloney, gómìnà Èkó nígbà náà, sọ ẹ̀kẹta ní moloneyi. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ yọ ẹ̀kẹta yìí kúrò lára Anaphe, tí wọ́n fi í sínú Epanaphe. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ewé arère ni venata ń jẹ nínú igbó kìjikìji. Ìrà ni ti infracta. A mọ moloneyi mọ́ igi àjàgbọn lókè Ọya. Orúkọ kan náà, tsamiya, ni àwọn Hausa ń pe igi náà àti òwú rẹ̀. Abo àfòpiná a máa yé ẹyin sórí igi tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ. Bí ìran kan bá dúró ti igi kan pẹ́, tí kò sì bá ìran kejì gùn mọ́, àbùdá wọn yóò máa jìnnà síra títí wọn yóò fi di ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Síbẹ̀, ìwà ẹbí kò parẹ́: àwọn ọmọ wọn a máa gbé pọ̀, wọn a sì jọ hun àpò ńlá kan. Òwú rẹ̀ kò ṣeé fà gbọọrọ bíi ti Ṣáínà. A ní láti fi omi eérú sè é, kí a tó ran án.

Mímọ ẹ̀yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ní 1993, Adamolekun so àrùn gbígbọ̀n tí ń yọjú lákòókò òjò ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà mọ́ jíjẹ ọmọ venata. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń ba fítámì B1 jẹ́.

Lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ ni a fi ń hun ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní sányán, a sì ń gé arère fún pákó. Bí arère bá tán nínú igbó, oúnjẹ ẹ̀yà kan ni ó tán. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní Ilasan, níbi tí kò sí igbó arère, lè fi aṣọ ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kí ó sì fi igi parí rẹ̀.