Ẹ̀rọ amúnáwá wo ló lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, ìgbà tí iná ọba bá lọ ni wọ́n máa ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n rà tó iṣẹ́ ilé náà ṣe. Gílóòbù á tàn, fáànù á máa yí, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù, ohùn jẹnẹrétọ̀ á yí padà, iná á máa ṣẹ́jú, gbogbo ilé á sì ṣókùnkùn.

Kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Wọn kò ṣírò agbára tí ilé náà nílò kí wọ́n tó rà á ni, tàbí kí wọ́n ṣírò rẹ̀ láì ka agbára tí ẹ̀rọ amúlétutù ń bèèrè fún nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Owó tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń náni sì ti pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti gbówó lórí ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A sókè sí ₦225 fún ẹyọ kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Lọ́dún náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni national grid, tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè náà, dẹnu kọlẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe gan-an?

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru inú yàrá ló ń kó, tó sì ń dà á síta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn onílé kan ń lo irú ẹ̀rọ yìí kan náà láti kó ooru láti ìta wọ inú ilé nígbà òtútù.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ nínú páìpù, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun ló ń jẹ iná jù, òun náà ló sì ń pinnu ìwọ̀n ẹ̀rọ amúnáwá tí ilé kan nílò.

Agbára ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí agbára ìṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti gbé ẹrù wúwo rí mọ̀ pé gbígbé e kúrò nílẹ̀ ka orí ló nira jù. Bó bá ti wà lórí tán, ìrìn á rọrùn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe rí. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, èyí tí kì í ṣe inverter lè fa iná tó tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iye tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Inverter tí à ń sọ níbí kì í ṣe ti bátìrì tí àwọn èèyàn ń tọ́jú iná sí. Ẹ̀rọ amúlétutù tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ń rọra bẹ̀rẹ̀, tó sì lè dín eré rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ kì í bèèrè agbára ìbẹ̀rẹ̀ tó pọ̀.

Kí ni HP, kVA àti wáàtì túmọ̀ sí?

HP tí àwọn olùtajà ń pè kì í ṣe iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Lọ́jà Nàìjíríà, ẹ̀rọ amúlétutù 1 HP sábà máa ń jẹ́ ti BTU 9,000, 1.5 HP jẹ́ BTU 12,000, 2 HP sì jẹ́ BTU 18,000. BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tí ẹ̀rọ náà lè kó jáde. Èyí tó jẹ́ 1.5 HP ń kó ooru tó tó wáàtì 3,500 jáde, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ kò ju nǹkan bíi wáàtì 1,200 lọ. Iye náà gan-an wà lára pátákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ní ti ẹ̀rọ amúnáwá, kVA kì í ṣe kílówáàtì. Bí wọ́n bá kọ kVA nìkan sí i, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po 0.8. Èyí tó bá jẹ́ 5 kVA ń gbé kílówáàtì mẹ́rin, ìyẹn wáàtì 4,000.

Iye méjì ló tún sábà máa ń wà lára rẹ̀. Rated ni agbára tó lè gbé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Max ni èyí tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀ péré. Max ni àwọn olùtajà kan máa ń pè fún oníbàárà nítorí pé òun ló tóbi jù.

Ìṣirò ilé kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé oníyàrá méjì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 HP kan. Iná tí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń jẹ lè rí báyìí:

• Ẹ̀rọ amúlétutù: wáàtì 1,200
• Fíríìjì: wáàtì 150
• Fáànù mẹ́ta: wáàtì 225
• Tẹlifíṣọ̀n: wáàtì 100
• Gílóòbù LED mẹ́jọ: wáàtì 80
• Fóònù àti Wi-Fi: wáàtì 50

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,805. Ẹni tó bá dúró síbí yóò rò pé ẹ̀rọ amúnáwá tó ń gbé wáàtì 2,000 ti tó. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń wáyé.

Bí ẹ̀rọ amúlétutù náà kì í bá ṣe inverter, ẹ sọ 1,200 di ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ 3,600. Ẹ wá fi wáàtì 605 tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ń jẹ kún un, yóò di 4,205. Ẹ̀rọ amúnáwá tí rated rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì mẹ́rin, tí max rẹ̀ sì tó kílówáàtì mẹ́rin àbọ̀, ló yẹ ilé yìí. Bí pátákó ara ẹ̀rọ amúlétutù bá fi hàn pé agbára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ inverter ni, fíríìjì ló kù tó lè fa agbára ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ka ìyẹn sí wáàtì 700, àpapọ̀ ohun gbogbo kò ní ju nǹkan bíi wáàtì 2,400 lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá tí rated rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì méjì àbọ̀ lè gbé e.

Ilé kan náà ni, ìtutù kan náà sì ni. Irú ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n rà ló mú ìyàtọ̀ wá. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ méjèèjì kọ́kọ́ yan ẹ̀rọ amúlétutù, kó tó lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta jẹnẹrétọ̀.

Ṣé kí èèyàn kúkú ra èyí tó tóbi gan-an?

Rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá kéékèèké tó ń lo bẹntiróòlù ní láti máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná tó ń mú wá lè bá ti ilé mu, yálà gílóòbù kan ló ń gbé tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Epo tí ẹ̀rọ ńlá ń jó lórí iṣẹ́ kékeré, òfò ni. Èyí tó ń lo dísù sì máa ń kó èérí sínú bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá kéré jù fún ìgbà pípẹ́. Ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rated ló dára kí ẹ̀rọ máa gbé lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tí ẹ ń gbé tún ṣe pàtàkì. Ìlú Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ amúnáwá lè pàdánù ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ooru Sókótó àti Maiduguri náà máa ń dín agbára ẹ̀rọ kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru náà ni èèyàn nílò ẹ̀rọ amúlétutù jù. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àlékún sí ìṣirò rẹ̀.

Ohun tó ń jó kọ̀mpúrẹ́sọ̀

Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá kéré jù, iná tó yẹ kó jẹ́ 230 volt á lọ sílẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á gbìyànjú láti yí, kò ní lè yí, á máa fa iná ṣáá títí wáyà inú rẹ̀ á fi gbóná tí á sì jó. Láti yẹra fún èyí:

• Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e.
• Ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà fíríìjì, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.
• Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tún un tàn.
• Ẹ má ṣe lo áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá ti kà wọ́n mọ́ ìṣirò.

Ẹ̀mí ṣáájú ìtura

Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní carbon monoxide nínú. Afẹ́fẹ́ olóró yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó lè pa ẹni tó ń sùn láì jẹ́ pé ó jí rárá. Ewu rẹ̀ pọ̀ sí i nínú ilé tí wọ́n ti ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń yí ká. Wọn kì í lé èéfín jáde.

Ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ amúnáwá wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, títí kan ti aládùúgbò. Kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi changeover sí i, kí iná jẹnẹrétọ̀ má baà gba inú wáyà padà lọ sórí òpó, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún iná ṣe níbẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ ìṣirò ilé yín sínú ìwé, kí ẹ sì mú un dání. Bí olùtajà bá pe kVA, ẹ béèrè iye kílówáàtì tó jẹ́ rated. Kí ẹ rí i lára ẹ̀rọ náà fúnra yín kí ẹ tó sanwó.