Aswani: Ìtàn Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́ ní Òkè-Afá àti Ìsọlọ̀

Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni Òkè-Afá àti èyí tó pọ̀ jù nínú Ìsọlọ̀ kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni ilẹ̀ náà wà, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso Èkó gan-an, ààlà Èkó sì ti parí kí èèyàn tó dé Muṣin. Ibi tí ààlà yìí gbà ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń wá bí ilé iṣẹ́ ńláńlá yóò ṣe wà nítòsí èbúté Àpápá, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tirẹ̀, kí iṣẹ́ àti owó orí lè jẹ́ tirẹ̀. Ìkẹjà ni wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún èyí. Òfin ọdún 1958 tó dá owó orí sí fún àwọn ilé iṣẹ́ tuntun sì mú kí àwọn oníṣòwò òkèèrè, tí wọ́n ti ń kó ọjà wọ̀lú tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó sàn kí wọ́n máa ṣe ọjà náà níhìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà, Muṣin, Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ di ara rẹ̀. Ìkẹjà ti ń kún nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń ṣàn lọ sí Ìlúpéjú, Màtórì, Oṣòdì àti Ìsọlọ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni owó epo rọ̀bì dé, wọ́n sì la òpópónà márosẹ̀ láti Oṣòdì dé Àpápá ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀nà yìí ló sọ Ìsọlọ̀ di ibi iṣẹ́ pátápátá. Ẹrù tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté lè dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ọjà tí wọ́n bá sì ṣe tán lè gba ọ̀nà kan náà lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin àti òkè Ọya.

Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, láti orí ike dé orí oògùn, ṣùgbọ́n aṣọ ló gba èèyàn jù. Ilé iṣẹ́ Aswani, Five Star àti Afprint wà lára àwọn tí orúkọ wọn gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kì í sùn. Ìpín mẹ́ta ni wọ́n pín òṣìṣẹ́ sí: àárọ̀, ọ̀sán àti òru, ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àwọn kan wà nídìí òwú tí wọ́n ń ran, àwọn kan nídìí ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ funfun, àwọn mìíràn ń po àwọ̀, wọ́n sì ń tẹ àwòrán sí ara ańkárá. Eruku òwú máa ń bo irun àti ipéǹpéjú ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nídìí òwú, ariwo ẹ̀rọ a sì di etí òṣìṣẹ́ pa fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn tó bá délé. Iṣẹ́ tó le ni, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, ohun tí oko kò lè ṣèlérí rẹ̀ sì nìyẹn.

Láti Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ọ̀ṣun, ilẹ̀ Ìgbò àti ilẹ̀ Ẹdó ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà tàbí Módà ti ń wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ a ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé. Àwọn onílé Ìsọlọ̀ ta ilẹ̀ oko, wọ́n kọ́ ilé oníyàrá tó kọjú síra, yàrá kan fún ìdílé kan. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ń tà á ní àwìn títí di ìparí oṣù, nítorí náà ètò owó gbogbo àdúgbò, láti orí onírẹsì dé orí télọ̀ àti alájọ, rọ̀ mọ́ ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá sanwó. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí ìròyìn ìgbìmọ̀ Adébọ̀ lórí owó oṣù ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1971, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ní agbègbè Ìkẹjà daṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá wọn lè san àfikún náà. Bákan náà ni àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá mì ìlú ní ọdún 1975. Ní ọdún 1978 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aṣọ di ẹyọ kan jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó sì wà lára àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára jù nígbà náà.

Adrian Peace, onímọ̀ tó ṣèwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Agége, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ dàgbà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń tọ́jú owó, kí wọ́n lè fi í ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, ọkọ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣí ìsọ̀. Ohun tó rí yìí kò mọ sí Agége nìkan. Owó oṣù ilé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kékeré ń mu bí irúgbìn ṣe ń mu omi, nítorí náà ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kú, òwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà yóò rọ.

Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Òkè-Afá. Títí di òní, Jákàńdè ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ilé náà mú kí Òkè-Afá, tí àwọn èèyàn ń kà sí ẹ̀yìn odi Ìsọlọ̀, di ibùgbé olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti ọ̀gá kékeré nílé iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní Èjìgbò, ni ibùdó epo NNPC wà, tí ọ̀pá epo láti Atlas Cove ń já sí, àwọn awakọ̀ epo àti mẹkáníìkì sì tẹ̀ lé e wá. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí ní ọdún 1979 ṣe bákan náà fún Máfòlúkù àti Àjàò. Èrò kún títí wọ́n fi kọ́lé dé etí odò. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, ogunlọ́gọ̀ tó ń sá lójú òkùnkùn já sínú odò Òkè-Afá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bá a lọ, ọmọdé àti obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ìrántí wọn ṣì wà létí odò náà.

Ìdínkù ilé iṣẹ́ kò dé lọ́jọ́ kan. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè tí wọ́n fi ń ra àwọ̀, òwú àti ẹ̀yà ẹ̀rọ di ohun tí ènìyàn ń tọrọ níwájú ìjọba. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti ọdún 1986 já iye náírà wálẹ̀, gbèsè àwọn tó yá owó láti ra ẹ̀rọ sì di ìlọ́po. Iná NEPA ń ṣẹ́ wọn, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Epo dúdú tí wọ́n fi ń mú omi ìpàwọ̀dà gbóná wọ́n, ó sì gbówó lórí. Ìjọba fòfin de aṣọ òkèèrè láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n fàyàwọ́ gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà ń dé sí ọjà Balógun pẹ̀lú “Made in Nigeria” ní etí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń tà á mọ̀ pé orúkọ náà ṣì níyì lójú oníbàárà. Lẹ́yìn tí àdéhùn tó ń díwọ̀n òwò aṣọ káàkiri àgbáyé parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, ìjà náà kò dọ́gba mọ́.

Nígbà tí nǹkan ṣì dára, wọ́n máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ aṣọ tó ju 150 lọ ló wà ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì gba èèyàn bí 350,000. Kí ọdún 2010 tó dé, ìyókù kò tó 30, òṣìṣẹ́ sì ti dín kù gidigidi. Ní Ìsọlọ̀, ìpín òru ni wọ́n kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà ìpín ọ̀sán. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ lọ ìsinmi tí kò ní owó, wọ́n sì fi àwọn káṣúà rọ́pò ẹni tó ní ìwé iṣẹ́. Nígbà tí géètì tì, ọ̀pọ̀ ló dúró fún owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé. Ohun tó dun ni jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìmọ̀ tó ṣòfò. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ kí ó má ṣí, tàbí bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe láìsí ẹ̀yà tuntun, kò rí ibi tí yóò lo ìmọ̀ náà mọ́, kò sì sí ọmọṣẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bílíọ̀nù náírà 100 tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún òwú àti aṣọ nípasẹ̀ Bank of Industry, nǹkan bí ọdún 2009 sí 2010, ran ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL lọ́wọ́ láti tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní Kàdúná. Ó pẹ́ jù fún Ìsọlọ̀.

Ìdí tó fi pẹ́ jù ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lójú òpópónà márosẹ̀ ti ń mú owó wá ju ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ di ilé ìkẹ́rùsí, ibi tí wọ́n ń já kọ́ńténà ọjà òkèèrè sí. Ilé ìjọsìn ra àwọn kan, ilé àríyá gba àwọn mìíràn. Ilé ìkẹ́rùsí kò nílò ju alábòójútó, ọlọ́dẹ àti àwọn alágbàrù tí wọ́n ń sanwó fún lójúmọ́, nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ lórí ilẹ̀ kan náà ti ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

Ọjà Aswani ló fi ìyípadà yìí hàn jù. Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ rẹ̀, láti ìdájí ni èrò sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún òkìríkà, bàtà, báàgì, aṣọ ọmọdé àti aṣọ ibùsùn. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n má kó wọ̀lú, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Iṣẹ́ ni òwò yìí, ẹni tó bá sì rí ìyàwó ilé tó ń tú bélì aṣọ, tó ń ya dáadáa kúrò lára àkísà, tó ń mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pa, kò ní pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àmọ́ èrè rẹ̀ kò dájú, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo ìgbà tí dọ́là bá sì gbéra ni bélì ń wọ́n. Ọjà Ládípọ̀ tó wà nítòsí ń ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀yà ọkọ̀. Àwọn mìíràn di awakọ̀ dánfó, ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, Àjàò sì ń gba àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ sídìí ẹrù òfurufú àti iṣẹ́ àwọn tó ń gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí kò kú ń wá ibi tó gbòòrò. Àgbárá, tí Adéyẹmí Lawson dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀tà àti Ṣàgámù ni wọ́n ń lọ, gbogbo rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí iye rẹ̀ sì dín. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá kún ìdí tó lé wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni táńkà àti tírélà fi sọ òpópónà náà di ibùdókọ̀, títí ìjọba fi gbé àtúnṣe rẹ̀ fún Dangote ní ọdún 2018, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ju bílíọ̀nù náírà 70 lọ. Emzor, tí ń ṣe oògùn lójú ọ̀nà ọjà Aswani, kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun ní Ṣàgámù. Ògùn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìjì: ilé iṣẹ́ tí Procter & Gamble ṣí ní Àgbárá ní ọdún 2017 kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó tì í.

Ọmọ ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Òkè-Afá nítorí ilé iṣẹ́ aṣọ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Ọ̀tà lónìí, ṣùgbọ́n alágbàṣe ló gbà á, kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ ìdá tó pọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 láàárín Agbádo àti Oyíngbò, ń dúró ní Oṣòdì. Ẹni tó ti Òkè-Afá dé Oṣòdì lè bá a dé Agbádo láìsí gosíló, lẹ́yìn náà ni yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ọ̀tà tàbí Ṣàngó, nítorí pé ọ̀nà irin náà kò yà sí àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́.