Omi Tuntun Kì í Gba Iyùn

Bí a bá dárúkọ iyùn láàárín wa, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó wà lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A kì í sábà rántí pé egungun ẹranko ni. Nínú òkun, ẹranko kékeré kan tí ara rẹ̀ rọ̀ máa ń fa èròjà bí ẹfun láti inú omi, a sì fi kọ́ ilé líle tí yóò máa gbé. Oríṣi iyùn pọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń kọ́ àpáta ńláńlá sínú òkun ilẹ̀ olóoru, ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n.

Lónìí, àwọn kan ń sin iyùn alààyè nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti dán an wò rí mọ̀ pé oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Omi a mọ́ gaara, síbẹ̀ ẹja a kú sínú rẹ̀. Láìpẹ́, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ a bo yanrìn, ti aláwọ̀ ewé a sì tẹ̀lé e. Iyùn tó ṣí bí òdòdó lọ́jọ́ tí wọ́n rà á á ká ara rẹ̀ kò, kò sì ní ṣí mọ́. Kí ló fà á? Ó gba aráyé ju 40 ọdún lọ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti rí ìdáhùn náà jìnnà sí òkun, ọmọ ẹni tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọ̀hún sì wà lára àwọn tó rí i.

Láti ọdún 1832 ni Jeanne Villepreux-Power, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbé Messina ní erékùṣù Sicily, ti ń fi àpótí gíláàsì wo bí àwọn ẹranko òkun ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni òkun wà. Bí omi bá bàjẹ́, yóò bu òmíràn. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú àǹfààní yẹn. Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster, kó iyùn kéékèèké irú èyí tó ń gbé omi tútù láti Torquay, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànhìnkànhìn kí wọ́n má baà fara gbá lójú ọ̀nà. Nígbà tí omi òkun tuntun ṣòroó rí, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Thynne fi koríko òkun kún un. Iyùn wọ̀nyí yè fún nǹkan bí ọdún 3. Orúkọ ìyá ilé ló wà nínú ìtàn, ṣùgbọ́n apá ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lónìí.

Ẹni tó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní Apothecaries' Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1849, ó kó ẹja wúrà 2 àti ewéko inú omi sínú ohun èlò gíláàsì tó gba galọ́ọ̀nù 12. Èrò rẹ̀ ni pé ẹja yóò máa mí èémí jáde, ewé yóò máa lo èémí náà, yóò sì máa dá ọ́síjìn padà fún ẹja. Ó kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi dàrú, ohun kan tó ń yọ̀ sì bo gíláàsì. Warington kó ìgbín inú omi sí i, irú àwọn ẹbí ìṣáwùrú. Àwọn ìgbín náà jẹ ìdọ̀tí tán, omi sì mọ́. Ní 1850 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ẹja, ewé àti ìgbín, bí wọ́n bá wà ní ìwọ̀n, wọn kò nílò omi tuntun.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Èémí àti ewé tó jẹrà ni Warington gbé yẹ̀ wò. Ohun mìíràn wà tí ẹja ń tú jáde lára rẹ̀ nígbà gbogbo, tí kò ní àwọ̀, tí ojú kò lè rí nínú omi: amóníà. Májèlé ni. Ìgbín kò lè jẹ ẹ́ tán.

Nígbà náà ni àṣà tuntun yìí ràn bí iná ọyẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja fún aráàlú ní Regent's Park. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Gosse tún po omi òkun fúnra rẹ̀ láti inú iyọ̀ oríṣi 4, kí ẹni tó jìnnà sí òkun náà lè rí omi lò. Ó kọ́kọ́ fi òkúta tí koríko òkun ti hù sí lára sínú omi náà, ó sì dúró díẹ̀ kó tó kó ẹranko sí i. Kò mọ gbogbo ohun tó wà lára òkúta yẹn, ṣùgbọ́n ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ló dára jù.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ìwé náà kò ní irú sùúrù yẹn. Wọn a kó ẹranko púpọ̀ sínú omi kékeré, wọn a gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń pa á, ohun gbogbo a sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. William Alford Lloyd, tó ń ta ẹranko òkun àti àpótí gíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ gbèsè ní 1862. Lloyd kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣá. Ó ṣiṣẹ́ lórí ilé ẹja Hamburg ní Jámánì, tó ṣí ní 1864, àti ti Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣí ní 1871. Ọgbọ́n tó lò ni pé ó kọ́ àgbá omi ńlá sí abẹ́ ilé nínú òkùnkùn, èyí tó tóbi ju gbogbo àpótí àfihàn lọ fíìfíì, ẹ̀rọ sì ń fa omi yí ká láìdúró. Omi rẹ̀ ń dára sí i bó ṣe ń gbó. Lloyd rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Inú ìwádìí lórí omi ẹ̀gbin ni ìdí náà ti jáde. Ní 1877, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé 2, Schloesing àti Müntz, ń da omi ẹ̀gbin gba inú ọ̀pá gígùn tí wọ́n kó yanrìn àti òkúta ẹfun sí. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, amóníà wọlé, amóníà náà ló jáde. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í di náítíréètì. Nígbà tí wọ́n fi kulorofọ́ọ̀mù sí i, ó dáwọ́ dúró, èyí tó fi hàn pé ohun abẹ̀mí ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ní Rothamsted, ilé ìwádìí oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kẹ́míkà kan gba ọ̀rọ̀ yìí mú, ó sì fi hàn pé ìpele 2 ló wà: àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Orúkọ rẹ̀ ni Robert Warington, ọmọ Robert Warington ti ẹja wúrà. Bàbá ti kú ní 1867. Ní 1890, Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ya àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀, àríyànjiyàn sì parí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá orúkọ yìí nínú ìwé, ẹ máa wo ọdún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ má baà fi iṣẹ́ ọmọ fún bàbá.

Ohun kan náà tó ń sọ ajílẹ̀ di oúnjẹ fún àgbàdo lóko ló ń gba ẹja là nínú gíláàsì. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé lára òkúta, lára yanrìn àti lára gíláàsì. Nínú àpótí tuntun, wọn kò tíì pọ̀. Amóníà a kọ́kọ́ gòkè. Bó bá ń wálẹ̀, náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, a gòkè. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí méjèèjì tó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tó mọ́ gaara fi lè pa ẹja. Ẹni tí ìdọ̀tí àkọ́kọ́ bí nínú, tó kó gbogbo òkúta jáde fọ̀ bí ẹni fọ abọ́, ti fọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù, ó sì di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹja nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀. Iyùn ilẹ̀ olóoru tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, omi tó ń rú, àti èròjà tí yóò fi kọ́lé. Ní 1961, Lee Chin Eng ti Jakarta ní Indonesia kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi òkúta alààyè láti inú òkun, atẹ́gùn díẹ̀ àti ìtànṣán oòrùn sin iyùn. Òkúta náà ti gbé àwọn kòkòrò àìfojúrí dání láti òkun. Ní àwọn ọdún 1970, Peter Wilkens kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi omi ẹfun sí àpótí wọn, kí iyùn lè rí nǹkan kọ́lé.

Ta ló san owó gbogbo ìkùnà wọ̀nyí? Edmund Gosse, ọmọ Philip, dárò nínú ìwé rẹ̀ Father and Son ní 1907 pé àwọn tó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ bàbá òun ti ba àwọn adágún inú àpáta etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Gbogbo ẹranko tó kú nínú gíláàsì ni wọ́n padà lọ kó òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lónìí, àdéhùn àgbáyé CITES ló ń ṣọ́ òwò iyùn olókùúta láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí òkun kò lè máa san gbèsè àìnísùúrù wa títí. Ohun tí Warington ọmọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa kò wọ́n: ká jẹ́ kí omi gbó kí ẹ̀mí tó wọ inú rẹ̀. Bí nǹkan bá sì kú síbẹ̀, ká mọ ohun tó pa á ká tó lọ ra òmíràn.