"Nẹ́tíwọ̀kì Ò Dáa": Ìtàn Ohun Tó Wà Lẹ́yìn POS Àfọ̀n

Tí èèyàn bá fẹ́ gba owó lọ́dọ̀ oní-POS ní Àfọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n létí ibodè ilẹ̀ Benin, tí owó náà sì kọ̀ tí kò jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo la máa ń gbọ́: "Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí ní Ayétòrò, bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè ní nẹ́tíwọ̀kì yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Sọ́fítíwíà oríṣiríṣi ló gun ara wọn lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà tó dé àti ẹni tó ni ín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìtàn wọn la fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní báńkì ni sọ́fítíwíà tó di ìwé àkáńtì mú. Òun ló mọ iye tí oníkálukú ní, òun ló ń yọ, òun ló ń fi kún un. Láyé àtijọ́, akọ̀wé báńkì ló ń fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà, òkè òkun ni àwọn báńkì wa ti ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Infosys ti Íńdíà ló ni Finacle. Íńdíà náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Flexcube kí Oracle ti Amẹ́ríkà tó rà á. Temenos ti Switzerland ló ni T24.

Ìwé àkáńtì báńkì kan kò mọ ti báńkì kejì, torí náà wọ́n nílò afárá. Ní 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ (CBN) àti àwọn báńkì ló jọ ni ín. Ní 2002, Mitchell Elegbe dá Interswitch sílẹ̀, káàdì báńkì kan sì lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn. Ní 2011, NIBSS gbé NIP jáde. Òun ló jẹ́ kí owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé sọ̀wédowó lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn afárá ni ìlẹ̀kùn tí àwa ń kàn. GSM dé ní 2001. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù tẹ USSD, a sì ń lo áàpù. Ní 2013, CBN ṣe ìlànà fún àwọn aṣojú báńkì. TeamApt, tí Tosin Eniolorunda àti Felix Ike dá sílẹ̀ ní 2015, ń ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn báńkì kó tó di Moniepoint tí gbogbo oní-POS mọ̀. Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta gàrí tí kò gba tiransífà ló ń ru gàrí rẹ̀ padà sílé.

Ẹ wá wo ọdún 2024. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní báńkì púpọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì lèyí lóòótọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, GTBank kúrò lórí Basis bọ́ sórí Finacle, Zenith kúrò lórí Phoenix bọ́ sórí Flexcube, Sterling náà sì fi T24 sílẹ̀ gba SeaBaaS, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn oníbàárà fẹ́ fi owó ránṣẹ́, kò lọ. Wáyà kankan kò já, òpó kankan kò wó. Ìwé àkáńtì ni wọ́n ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Síbẹ̀, orúkọ kan náà la pe méjèèjì.

Ìdí tí èyí fi kàn wá nìyí. Àgbẹ̀ tó fẹ́ sanwó fún àwọn tó bá a gbin ẹ̀gẹ́, tí báńkì ti yọ owó rẹ̀ tí kò sì dé ọwọ́ wọn, tí wọ́n bá sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀kì ni, yóò jókòó, yóò máa retí, bí ẹni ń retí òjò. Òjò kò ní olówó. Ìwé àkáńtì ní olówó, afárá ní olówó, ìlẹ̀kùn náà ní. Báńkì tó yọ owó ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kì í ṣe ọmọ tó jókòó ti POS.

Nínú agbo dùndún, bí gúdúgúdú bá ṣìlù, kò sẹ́ni tó máa bá ìyáàlù jà, torí pé ìlù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ èdè ni láti fún àwọn nǹkan wọ̀nyí lórúkọ tí ará ọjà á lè lò. Àbá tiwa ni ìwé àkáńtì, afárá àti ìlẹ̀kùn. Kí nẹ́tíwọ̀kì máa jẹ́ ti wáyà àti òpó nìkan. Tí oní-POS bá tún ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ẹ bi í pé: èwo nínú wọn?