Ta Ló Mọ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì? Ìbéèrè 24 àti Ìtàn Etí Ọ̀sà

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú títí láé, tàbí tó fẹ́ di ọmọ onílùú, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó dáhùn ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá gba 18 ló yege. £50 ni owó ìdánwò náà, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi á san £50 mìíràn kó tó padà wá. Ọdún 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Life in the UK lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham àti Thamesmead mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ á ṣí ìwé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á máa ka orúkọ ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ bí ẹni tó ń ki oríkì ìdílé ọkọ.

Ká sọ pé ọmọ Ìmọ̀ta ni nọ́ọ̀sì náà. Ìlú Ìjẹ̀bú ni Ìmọ̀ta, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Itóìkin àti Ẹ̀pẹ́. Ránódù ni oyè ọba ibẹ̀, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ló sì sọ orúkọ ìlú náà di ohun tí àwọn ará ìta ń dá. Ìwé ìdánwò á kọ́ ọmọ Ìmọ̀ta yìí ní ogun Hastings ti 1066, á kọ́ ọ ní Magna Carta ti 1215, á sọ fún un pé 1928 ni àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá bèèrè ìdí tí ìlú òun, tó ń sọ Ìjẹ̀bú, fi wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí Ìjẹ̀bú-Òde sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìwé náà ò ní èsì fún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni èsì ọ̀hún.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún nìyí: oríṣi ìmọ̀ méjì ló wà nípa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ni kí ènìyàn mọ orúkọ àti ọdún. Èkejì ni kó mọ ibi tí agbára wà, ta ló lè sọ pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kó sì ṣẹlẹ̀, ta sì ni wọ́n kàn gbé sórí ìtẹ́. Etí ọ̀sà, láti Èkó dé Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, làwọn baba wa ti kọ́ èkejì, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sì kéré. Ìdánwò náà ń wọn ti àkọ́kọ́, ó sì ń pè é ní ìmọ̀ gbogbo.

Ti àkọ́kọ́ yìí gan-an kì í dúró lórí ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, David Cameron, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n David Letterman ní New York. Wọ́n bi í léèrè ohun tí Magna Carta túmọ̀ sí lédè òyìnbó. Kò lè sọ ọ́. Wọ́n ní ta ló ṣe orin Rule Britannia; ó dárúkọ Elgar, Elgar sì kọ́. Ẹni tó lọ sí Eton, tó lọ sí Oxford, tó ń gbé ní Downing Street! Kò sẹ́ni tó ní kó dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà.

Ẹ wo ọ̀nà tí Samuel Ajayi Crowther gbà mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì tà á títí ó fi dé Èkó. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, ó ti di àlùfáà, ó sì wà ní ààfin Windsor. Ọkọ Ọbabìnrin Victoria, Albert, tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó fi ibi tí Èkó àti Abẹ́òkúta wà han òun. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí Crowther ń bá fèsì láìmọ ẹni tó jẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n pè é ní Kábíyèsí ni jìnnìjìnnì tó bò ó. Wọ́n ní kó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá, ó kà á.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dúró sí nìyẹn, nítorí ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Windsor ni iṣẹ́ gidi ti wáyé. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ti mú Crowther lọ bá Lord Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àlùfáà náà ti rojọ́ pé bí wọn ò bá yọ Ọba Kòsọ́kọ́ nípò, kí wọ́n sì dá Akíntóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò, padà, òwò ẹrú ò ní tán ní Èkó. Ọbabìnrin gbọ́ ọ. Palmerston ló ní ọkọ̀ ogun. Ní 26 àti 27 oṣù kejìlá ọdún náà, ìbọn àgbá Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ní Èkó, ilé jóná, Kòsọ́kọ́ sá. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é títí dòní. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852 Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú parí.

J. F. Ade Ajayi, òpìtàn, kò gbà pé àánú ẹrú nìkan ló gbé ọkọ̀ wọ̀nyẹn wá. Ó tọ́ka sí ọjà Èkó, epo pupa àti ọ̀nà òwò tó lọ sí òkè ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀, kò yẹ ká fi èyí wẹ Kòsọ́kọ́ mọ́: ó ta ẹrú, ó sì jèrè rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ lọ, òun àti àwọn olóyè rẹ̀ àti ọmọ ogun rẹ̀. Ọmọ wọn ni àwọn tí a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ dòní, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń yọ Èkó lẹ́nu, ó sì tètè rí ohun kan tí ìwé ìdánwò ò lè kọ́ni: ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá lè ṣẹ́gun pẹ̀lú owó kékeré, wọ́n á bá a dúnàádúrà. Ní 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, kọ́ńsùlù Benjamin Campbell bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun ò ní dá Èkó láàmú mọ́, òun ò sì ní ta ẹrú mọ́. Ní tiwọn, wọ́n gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kí, pé kó máa gba owó orí epo tó bá tibẹ̀ jáde, wọ́n sì fi owó ọdọọdún kún un: orí owó ẹyọ 2,000, tàbí dọ́là 1,000. Ọba tí wọ́n fi ìbọn àgbá lé kúrò nílé ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó lé e. Ó tún padà sí Èkó ní 1862, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1872. Ẹ̀pẹ́ tó fi sílẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà wá yìnbọn lù ní 1863.

Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, kò rí àyè dúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lẹ́nu omi nígbà tó fọwọ́ síwèé ní 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí Èkó sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún ni wọ́n fi pa á lẹ́kún.

Ìkòròdú ló jẹ́ ká rí bí ẹnu ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí ọ̀nà òwò tó gba Rẹ́mọ kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ní àkókò yẹn gan-an, ìgbìmọ̀ olùwádìí kan jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London, Charles Adderley ni alága rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rí lórí bóyá kí Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Èkó, John Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ọba Gòlóbà, kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Létà ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú òkun, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 29 oṣù kẹta ó kó ọmọ ogun West India Regiment àti àwọn Haúsá rẹ̀ kọjá ọ̀sà, wọ́n fọ́n àwọn Ẹ̀gbá ká. Ní oṣù kẹfà ìgbìmọ̀ London parí iṣẹ́: wọn ò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì múra àtikúrò. Ìwé ọ̀hún wà nínú àká. Gẹ̀ẹ́sì ò kúrò.

Bí ìdánwò bá bi ènìyàn pé ta ló ń ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni èsì tó gba máàkì. Ará Ìkòròdú ọdún 1865 ì bá dá Gòlóbà lóhùn. Nípa ti ìlú tirẹ̀, kò ṣìnà.

Ogun Ìjẹ̀bú ti 1892 ló fa ìlà tó la àwọn Ìjẹ̀bú sí méjì. Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gómìnà Carter ti Èkó gúnlẹ̀ sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba inú igbó lọ pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí abẹ́ Ilẹ̀ Ààbò (Protectorate). Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìlú tó wà láàárín wọn, Ìmọ̀ta pẹ̀lú, ni wọ́n wá ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Kólónì Èkó. Ìlà yìí ni Ìpínlẹ̀ Èkó jogún nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967: Ìkòròdú, Badagry, Ìkẹjà, Lagos Island, Epe, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ló di IBILE tí àwọn olóṣèlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti ìwúrí. Bẹ́ẹ̀, kí ìlú wà ní Kólónì kò sọ pé ó ní ohùn. Òfin 1922 tó mú ìdìbò wọ Nàìjíríà fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta, ó fún Calabar ní ọ̀kan; ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń wòran.

Ẹni tó wá lo ìmọ̀ kejì yìí dójú àmì ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther. Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Apápá lọ́wọ́ ẹbí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, wọ́n ní owó tí àwọn máa san lórí rẹ̀ kò ní ju táṣẹ́rẹ́ lọ, torí ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ Èkó dá ìjọba láre. Macaulay ò lọ bẹ Ọba George. Ní 1920, òun àti Olúwa wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, lọ sí Privy Council, ibi tí adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti lè sọ fún gómìnà Gẹ̀ẹ́sì pé ó jẹ̀bi. Ní 11 oṣù keje ọdún 1921, Lord Haldane dájọ́ pé ìwé 1861 gbé ìṣàkóso fún Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. £22,500 ni ẹbí Olúwa gbà. Bàbá àgbà mọ Palmerston, ọmọ-ọmọ mọ Haldane. Ìmọ̀ kan náà ni, ẹni tó ń lò ó ló yí padà.

Àwọn kan á ní ìdánwò ò pọn dandan kó kún fún ìtàn Èkó, pé kí àjèjì ṣáà mọ bí a ti ń gbé láàárín ìlú ló tó. Àbá náà ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ìwé ọ̀hún bá dúró lórí bí a ti ń pe ọlọ́pàá tàbí bí a ti ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ṣùgbọ́n ìtàn ló kún inú rẹ̀, ìtàn tí wọ́n ṣà. Ó sọ nípa ọkọ̀ ogun ojú omi tó ń gba ẹrú sílẹ̀, èyí tí Crowther lè jẹ́rìí sí. Kò dárúkọ ìbọn àgbá tí ọkọ̀ irú wọn yìn lu Èkó. Ó ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ìjọba amúnisìn parí ní ibi tó pọ̀ jù. Ní 2020, ọ̀pọ̀ òpìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé síta pé kí wọ́n tún orí ìtàn inú rẹ̀ ṣe. Ní 2022, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti àjèjì nìkan mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú náà ní ìtàn tirẹ̀ létí ọ̀sà. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ẹni tí wọ́n bá bí sí Kólónì, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni lábẹ́ òfin. Ẹni tí wọ́n bí sí Ilẹ̀ Ààbò kàn wà lábẹ́ àbò ni. Òfin 1960 gba ipò ọmọ onílùú Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí wọ́n bí sí Kólónì. Títí di òpin 1982, ọmọ tí wọ́n bá bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń di ọmọ ibẹ̀ láìbéèrè ìwé òbí rẹ̀. Kemi Badenoch, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní 2024, Wimbledon ni wọ́n bí i sí ní 1980. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1983, ilẹ̀kùn yẹn tì.

Nítorí náà, ìyá tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1935 ti jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń fi oyin àti obì sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ìyá rẹ̀ relé ọkọ ní Ìmọ̀ta, wà nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, ó ń ka orúkọ ìyàwó Henry: Catherine, Anne, Jane, Anne, Catherine, Catherine. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni ìdánwò.