Ìmọ̀ Ojú Ọ̀run àti Ojú Tí Ènìyàn Fi Ń Wo Ayé: Òjìji Ọ̀sán ní Òkè-Oyi

Ìmọ̀ ojú ọ̀run, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó dé, nítorí pé òṣùpá ni àwọn baba ńlá fi ń ka oṣù, wọ́n sì dá Àgùàlà mọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, fi ìṣirò mìíràn kún un: ọdún rẹ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún oòrùn, ìdí sì nìyí tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì fi ń bọ́ sí ìgbà òjò nígbà kan, tí ó ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà mìíràn.

Òjìji ni ẹ̀rí tó sún mọ́ni jù. Ní Òkè-Oyi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, oòrùn máa ń dúró gangan lókè orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nǹkan bí àárín oṣù Igbe àti ìparí oṣù Ògún. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, òjìji ọ̀sán a máa nà sí gúúsù, a sì máa nà sí àríwá ní ìyókù ọdún. Òjìji kan náà ni wọ́n fi ń mọ àsìkò ìrun Àlàásárì, tí ó wọlé nígbà tí òjìji igi bá gùn ju ti ọ̀sán gangan lọ ní ìwọ̀n gígùn igi náà. Irú òjìji bẹ́ẹ̀ ni Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé Alẹkisáńdíríà, fi ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó ní nǹkan bí ọdún 240 ṣáájú ìbí Jésù.

Ní Alẹkisáńdíríà kan náà, ní ọ̀rúndún kejì, Ptolemy kọ́ni pé ayé ló wà láàárín, tí gbogbo ohun ojú ọ̀run ń yí i po. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ìwé lórí ìmọ̀ ojú ọ̀run sì wà lára àwọn ìwé àfọwọ́kọ Timbuktu. Nígbà tí Copernicus tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1543 pé oòrùn ni ayé ń yí po, tí Galileo sì rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Júpítà po ní 1610, ìgbàgbọ́ Yúróòpù mì tìtì. Àsìkò ìrun kò yí padà, nítorí pé yálà ayé ló ń yí tàbí oòrùn, bákan náà ni òjìji ṣe ń gùn.

Ìbẹ̀rù òkùnkùn oòrùn àti òṣùpá ló pẹ́ kó tó kúrò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2001, tí òjìji ayé bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri dáná sun ilé ìtura àti ilé ọtí, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ànábì ti kọ́ni tipẹ́ pé òkùnkùn oòrùn tàbí òṣùpá kì í ṣẹlẹ̀ nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 2006, a ti kéde rẹ̀ ṣáájú.

Bákan náà, àríyànjiyàn tó máa ń wáyé lórí rírí oṣù tuntun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kì í ṣe ìjà ẹ̀sìn àti ìmọ̀. Ojú ni ẹlẹ́rìí fi ń rí oṣù, ìṣirò sì lè sọ ìgbà tí kò ṣeé rí rárá; kí àwọn àfáà àti olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó pọ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Òkè-Oyi sì máa ri igi mọ́lẹ̀ ní àárín oṣù Igbe, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ wọn òjìji igi náà.