Òòlù, Etí àti Irun Tí Kì Í Hù Padà

Ní 1713, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, kọ nípa àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ìlú Venice nínú ìwé rẹ̀ lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àdúgbò kan náà ni wọ́n kó ara wọn jọ sí, tí wọ́n ń fi òòlù lu bàbà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Etí wọn a kọ́kọ́ máa wúwo. Bí wọ́n bá darúgbó, wọ́n a di adití pátápátá. Ramazzini mọ ohun tó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tí ariwo ń bà jẹ́ nínú etí.

Ọdún 1851 ni Alfonso Corti, tí òun náà jẹ́ ará Ítálì, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ihò inú etí tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò ní ìlà-ìlà níbẹ̀. Wọ́n tó bí 15,000 nínú etí kan, irun tín-ín-tìn-ìn sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ìró bá lu awọ ìlù etí, eegun kéékèèké mẹ́ta a gbé e dé inú omi tó kún ihò náà. Omi a mì, irun a tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi híhó gbòde, bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi náà, ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ irin ń kàn ní Glasgow, ní Scotland. Ẹnì kan a wà nínú bọ́ílà, a di ìṣó mú, àwọn yòókù a máa lù ú láti ìta. Ní 1886, dókítà kan, Thomas Barr, yẹ etí 100 ènìyàn nínú wọn wò: kò sí ẹyọ ẹnì kan tí etí rẹ̀ pé. Ní 1890, dókítà mìíràn, Johann Habermann, yẹ etí òkú oníṣẹ́ irin kan wò, ó sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun náà ti run.

Koríko tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè hù padà. Irun inú etí ènìyàn kì í hù. Ní 1988, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ti adìyẹ máa ń hù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bìrìtéènì ṣòfin pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa wọn ariwo ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì pèsè ohun ìbotí. Nígbà náà, ó ti di ọdún 276 tí Ramazzini ti kọ̀wé nípa àwọn alágbẹ̀dẹ Venice.